Ẹṣin Kì Í Bá Ṣẹ́ẹ̀tì Wá: Bí Ìpolówó Aṣọ Ọkùnrin Ṣe Ń Ta Ipò

Ẹ ṣí ìwé ìròyìn olówó ńlá kan síbi tí wọ́n ti polówó aṣọ ọkùnrin, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo aṣọ náà mọ́lẹ̀. Kí ló kù lójú ìwé? Ọkọ̀ ojú omi onípákó tó ń dán. Ilé òkúta àtijọ́ tí ewéko ti fà mọ́ ògiri rẹ̀. Ajá ọdẹ méjì. Ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun, tó gbójú sí ọ̀nà jíjìn bí ẹni pé kò mọ̀ pé ayàwòrán wà nítòsí. Nísàlẹ̀, orúkọ iléeṣẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá yí ọwọ́ padà: ẹ bo gbogbo ìyókù, kó ku aṣọ nìkan. Ṣẹ́ẹ̀tì òwú aláwọ̀ aró ni, bọ́tìnì méje ló ní níwájú.

Owó tí ṣẹ́ẹ̀tì yẹn fi ju ti inú ọjà lọ, ara ọkọ̀ ojú omi àti ajá ni wọ́n ti rí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọmọ Yorùbá pé aṣọ ń sọ̀rọ̀. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán. Ohun tí ìpolówó fi kún un ni pé ó ń kọ ọ̀rọ̀ tí aṣọ máa sọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó ní irinṣẹ́, ó ní ibi tí wọ́n ti ń mú un, ó sì ní ibi tó ti máa ń bàjẹ́ mọ́ àwọn tó ń ṣe é lọ́wọ́.

Ìlú Troy, ní ìpínlẹ̀ New York, ni ẹ jẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà náà, kọ́là kì í lẹ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Lọ́tọ̀ ni wọ́n ń tà á, wọ́n á fi sítáàṣì sí i títí á fi gan, wọ́n á wá fi bọ́tìnì kékeré dè é mọ́ ẹ̀wù. Ọrùn ló ń tètè dọ̀tí, kí wá ni ká máa fọ odidi ṣẹ́ẹ̀tì fún? Iléeṣẹ́ Cluett, Peabody ló ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Arrow. Láti 1905 títí di 1931, ayàwòrán J. C. Leyendecker ló ń ya ọkùnrin tó ń wọ kọ́là náà fún wọn: àgbọ̀n rẹ̀ gún régé, ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń kàwé, ó ń gbá gọ́ọ̀fù, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ńlá. Charles Beach, ẹni tí òun àti Leyendecker jọ ń gbé pọ̀, ló sábà máa ń jókòó fún un láti yà. Àwọn obìnrin ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ ránṣẹ́ sí ọkùnrin inú àwòrán. Ẹ má gbàgbé pé aṣọ pẹlẹbẹ tí a fi sítáàṣì sí ni wọ́n ń tà o! Akọ̀wé tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan lè rà á, ibẹ̀ gan-an sì ni ọgbọ́n náà wà: kò lè ra ilé tó wà lẹ́yìn ọkùnrin yẹn, àmọ́ ó lè ra ọrùn rẹ̀.

Àwòrán yẹn kò bàjẹ́. Ọjà ló kú lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ti Ogun Àgbáyé Kìíní dé ti mọ ẹ̀wù ológun ọlọ́rùn rírọ̀ lára, wọn kò fẹ́ ohun gígan mọ́. Iléeṣẹ́ náà yí sí ṣẹ́ẹ̀tì tó ní kọ́là lára, Sanford Cluett sì wá ọ̀nà tí aṣọ òwú kò fi ní máa súnkì lẹ́yìn fífọ̀, èyí tí wọ́n sọ ní Sanforized. Àwọn tó bá sọ pé ìpolówó nìkan ló ń gbé iléeṣẹ́ ró kí wọ́n rántí ìyẹn.

Hathaway ló tẹ̀ lé e, iléeṣẹ́ aláṣọ kan ní Waterville, ìpínlẹ̀ Maine, tó ti wà láti 1837 láì lókìkí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1951, David Ogilvy, ẹni tó ń kọ ìpolówó fún àwọn iléeṣẹ́, gbé tiwọn sínú ìwé ìròyìn The New Yorker. George Wrangell, ọmọ ìdílé ọlọ́lá kan láti Rọ́ṣíà, ló wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, aṣọ dúdú kékeré sì bo ojú rẹ̀ kan. Ojú Wrangell kò fọ́. Ilé oògùn ni Ogilvy ti ra ìbòjú yẹn ní owó táṣẹ́rẹ́, nígbà tó ń lọ síbi tí wọ́n ti máa ya fọ́tò. Ẹni tó bá rí àwòrán náà á bi ara rẹ̀ pé: kí ló ṣe bàbá yìí lójú? Ogun ni àbí ìjà? Àárín ìgbà tó ń bi ara rẹ̀ yẹn, ojú rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Nínú àwọn ìpolówó tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin olójú kan yìí ń darí ẹgbẹ́ akọrin ńlá, ó ń da àwòrán tí Goya, ayàwòrán ilẹ̀ Spain, yà kọ nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó ń wa katakata.

Èyí tó jẹ́ kí n fẹ́ràn Hathaway ju gbogbo àwọn yòókù lọ ni ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán náà. Ó gùn. Ó sọ pé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì náà gùn kó má baà máa yọ jáde nínú ṣòkòtò. Ó sọ pé ìkarahun inú òkun ni wọ́n fi ṣe bọ́tìnì rẹ̀. Ó kọ iye owó síbẹ̀ pẹ̀lú. Ìbòjú pe èèyàn wá, ọ̀rọ̀ sì fún un ní ohun tó lè fi ọwọ́ kàn. Ìpolówó aṣọ olówó ńlá ti òde òní ti ju ìdajì kejì yẹn nù, ìbòjú nìkan ló kù.

Ralph Lauren ló parí ìjunù náà. Ní Bronx ni wọ́n ti bí i ní 1939, Lifshitz ni orúkọ ìdílé rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ní 1967 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta táì, táì tó fẹ̀ tó ìnṣì mẹ́rin nígbà tí ti gbogbo ayé tín-ín-rín, ó sì sọ ọ́ ní Polo, orúkọ eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá lórí ẹṣin. (Ìpolówó àti pólò: bí ẹni pé èdè wa ti mọ̀ pé ó ń bọ̀.) Ní 1972 ó gbé ẹ̀wù alápá kékeré tó ní ẹlẹ́ṣin láyà jáde, oríṣi àwọ̀ 24. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ fi ẹranko sí àyà aṣọ. Ọ̀nì Lacoste ti wà níbẹ̀ láti 1933. Àmọ́ ọ̀nì kàn jẹ́ orúkọ ìnagijẹ ọkùnrin kan tó ń gbá tẹníìsì ni. Ẹlẹ́ṣin ní ayé kan lẹ́yìn rẹ̀: pápá, ẹṣin mélòó kan fún ẹnìkan, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń tọ́jú ẹṣin, àti ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́ ṣíṣe.

Bruce Weber ló ya púpọ̀ nínú àwòrán tó kọ́ ayé náà. Ojú ewé kan kì í tó wọn. Wọ́n á ra ojú ewé mẹ́wàá, ogún nígbà mìíràn, tó tẹ̀ lé ara wọn, bí àlùbọ́ọ̀mù ìdílé kan. Ní 1986 wọ́n wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sínú ilé Rhinelander ní Madison Avenue, New York, kí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú ìpolówó. Ìyá olówó tó kọ́ ilé náà ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò gbé inú rẹ̀ rí. Wọ́n fi àpótí ìrìnàjò àtijọ́ àti àwòrán baba ńlá ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì wá dà bí ibi tí ìdílé kan ti gbé fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ó yẹ ká tú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ palẹ̀, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ibùdó ló kọ́kọ́ ń wá: ibi tí owó nìkan kò lè gbé èèyàn dé, tó fi jẹ́ pé àfi kí wọ́n bí ọ síbẹ̀ tàbí kí wọ́n pè ọ́. Ìdí nìyí tí ilé tuntun onídígí fi ṣọ̀wọ́n nínú wọn. Nǹkan ògbólógbòó ló pọ̀: kápẹ́ẹ̀tì tó ti ṣá, awọ àga tó ti sán, ọkọ̀ tó ti pẹ́. Olówó tuntun ló ń ra nǹkan tuntun. Ẹni tó jogún, ohun tó ti gbó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó wọ aṣọ náà. Wọn kì í rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, nítorí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Wọn kì í ṣiṣẹ́. Bí ìwé bá wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò kà á. Ọmọdé àti àgbà máa ń wà pọ̀ kí ojú lè rí ìran mẹ́ta, kí a gbà pé ọlá náà á pẹ́. Aṣọ fúnra rẹ̀ máa ń hunjọ díẹ̀, apá kan ká sókè, bọ́tìnì kan ṣí. Tí ó bá tẹ́ láú, ó di aṣọ ẹni tó ń lọ wá iṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ìdájí tàbí ti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń yà á, nígbà tí oòrùn ń wá láti ẹ̀gbẹ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló ń gbé ojú òwú aṣọ yọ. Oòrùn ọ̀sán gangan á sọ wúùlù di pákó.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí kò hàn. Ẹ̀yìn kóòtù inú fọ́tò kún fún kílíípù. Wọ́n á fa aṣọ náà mọ́ra lẹ́yìn, láàárín èjìká méjèèjì, níbi ìbàdí, nígbà mìíràn lẹ́yìn apá, títí iwájú á fi dúró bí ẹni pé wọ́n rán an sí ara ẹni náà. Wọ́n á fi téèpù ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sínú dípò kí wọ́n gé e. Aṣọ àfihàn wọn kì í sì í wà ní gbogbo ìwọ̀n, èyí tó bá ọkùnrin gíga tí àyà rẹ̀ jẹ́ ìnṣì 38 sí 40 mu ni wọ́n ń rán. Nítorí náà ẹni tó bá mú fọ́tò lọ bá télọ̀ pé “bí èyí ṣe jókòó yìí ni kí ó jókòó sí mi lára”, ohun tí kílíípù ṣe ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi abẹ́rẹ́ ṣe. Kò ní ṣeé gbé apá sókè nínú rẹ̀.

Ibi tí wọ́n gbé àwòrán sí ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ojú ewé ọwọ́ ọ̀tún wọ́n ju ti òsì lọ, iwájú ìwé sì wọ́n ju ẹ̀yìn. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá máa ń kọ̀ kí wọ́n gbé tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ ìpolówó ọjà pọ́ọ́kú. Aago ọwọ́ àti báńkì àwọn olówó ni aládùúgbò tí wọ́n fẹ́.

Ta ló wá ń san gbogbo owó yìí? Kì í ṣe ẹni tó ra kóòtù nìkan. Kóòtù tó wà nínú àwòrán, àwọn tó ń rà á kò pọ̀. Òun ló fún lọ́fínńdà, bẹ́líìtì, pátá àti ẹ̀wù alápá kékeré ní ìtumọ̀, àwọn wọ̀nyẹn ló sì ń tà wìtìwìtì. Nígbà mìíràn iléeṣẹ́ kì í ṣe ọjà kékeré wọ̀nyí fúnra rẹ̀, ó ń ya orúkọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn ni, ó ń gba ìdá díẹ̀ lórí ohun tí wọ́n bá tà. Àwọn ilé ìtajà ẹ̀dínwó tí wọ́n ń pè ní ọ́tílẹ́ẹ̀tì tún wà. Púpọ̀ nínú aṣọ tó wà níbẹ̀ kò dé ṣọ́ọ̀bù ńlá rí, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n rán an fún, pẹ̀lú aṣọ tó fúyẹ́ jù àti ojú rírán tó kéré jù. Àmì kan náà ló wà láyà wọn.

Níbẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Pierre Cardin, aránṣọ olókìkí ní Paris, ya orúkọ rẹ̀ fún ọjà tó ju 800 lọ, títí dórí ohun tí kò jọ aṣọ rárá, orúkọ náà sì wá di èyí tí kò sọ nǹkan kan pàtó nípa ẹni tó wọ̀ ọ́. Ti Burberry, iléeṣẹ́ aláṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàtọ̀ díẹ̀. Ilà aláwọ̀ iyanrìn tó wà nínú kóòtù òjò wọn jáde sí ìta, ó bọ́ sórí fìlà, síkáàfù àti ẹrù ayédèrú, títí tí àwọn oníròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ di àmì àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2004 wọ́n dáwọ́ fìlà náà dúró. Wọ́n dín ilà yẹn kù lára ọjà wọn, wọ́n sì ń ra àṣẹ tí wọ́n ti yá àwọn èèyàn padà. Ìbẹ̀rù kí ọjà pọ̀ lóde yìí kan náà ló mú kí wọ́n dáná sun ọjà tí kò tà. Ní ọdún ìṣirò tó parí ní oṣù Kẹta 2018, iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 28.6 owó pọ́n-ùn. Ariwo ta, wọ́n sì kéde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà pé àwọn jáwọ́. Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí wọn kò tà á lówó pọ́ọ́kú: àwòrán ni wọ́n ń dáàbò bò, kì í ṣe aṣọ.

Àwọn tí kò sí nínú àwòrán tún lè gba ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́ iléeṣẹ́ lọ́wọ́. Ní 1988, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú láti Brownsville àti Crown Heights ní Brooklyn kó ara wọn jọ, wọ́n ń pe ara wọn ní Lo Lifes, aṣọ Polo láti orí dé ẹsẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n jí kó ní ṣọ́ọ̀bù. Wọn kò fẹ́ ẹlẹ́ṣin kékeré, àwọ̀ tó ń ké àti àmì gàdàgbà ni wọ́n fẹ́. Àwọn olórin ráàpù mú un lò, aṣọ òjò tí wọ́n kọ Snow Beach sí láyà ní 1993 sì di ohun tí àwọn tó ń kó aṣọ àtijọ́ jọ ń wá kiri. Iléeṣẹ́ náà wo ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó mọ ohun tó máa ṣe sí i. Ní 2018 ó tún Snow Beach gbé jáde. Ní 2022 ó bá Morehouse àti Spelman, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ṣe àkójọ aṣọ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ibẹ̀ sì ni wọ́n yà sínú àwòrán. Ìtàn ìgbà àtijọ́ wà níbẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ìtàn náà jẹ́ ti ẹni tó wọ aṣọ.

Ní báyìí, àṣà tó lòde ni kí àmì má hàn rárá. Brunello Cucinelli, aláṣọ olówó ńlá ọmọ Ítálì, tún abúlé Solomeo ní Umbria ṣe, ó sì fi abúlé náà ṣe ìpolówó. Loro Piana, iléeṣẹ́ Ítálì tí LVMH, ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ ọjà olówó ńlá ti ilẹ̀ Faransé, ra ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ní 2013 ní bílíọ̀nù méjì owó yúrò, ń sọ ìtàn fìkúnà, ẹranko orí òkè Peru tó jẹ́ pé ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń rẹ́ irun rẹ̀, tí kò sì ju nǹkan bíi gíráàmù 250 lọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ òótọ́ tí wọ́n yàn ni, bíi ti ìbòjú Wrangell.

Nínú òótọ́ yíyàn, èyí tó ń tan ọkùnrin jẹ jù ni nọ́ńbà Super tó máa ń wà nínú kóòtù. Ohun tó ń wọ̀n ni bí irun àgùntàn náà ṣe tín-ín-rín tó, kò ju ìyẹn lọ. Super 100 kò gbọdọ̀ nípọn ju máíkírọ́ọ̀nù 18.75 lọ (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), bí nọ́ńbà bá fi mẹ́wàá gòkè, ìnípọn á fi ìdajì máíkírọ́ọ̀nù dín, tó fi jẹ́ pé Super 150 jẹ́ 16.25. Irun tó tín-ín-rín rọ̀ lọ́wọ́, ó sì ń dán. Ó tún ń tètè hunjọ, ó ń tètè fẹ́lẹ́ ní itan ṣòkòtò àti ní ìgbọ̀nwọ́. Fún ẹni tó ń wọ súùtù lọ́jọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, tó ń wọ dánfó tàbí tó ń jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland, Super 100 sí 120 ló máa bá a kalẹ́. Super 180 wà fún ọkùnrin inú àwòrán, ẹni tí kì í jókòó.

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ yìí gbà wọlé. Léèsì tí à ń wọ̀ lóde ìnáwó, láti Lustenau ní Vorarlberg, ilẹ̀ Austria, ni èyí tó lórúkọ nínú rẹ̀ ti ń wá láti àwọn ọdún 1960. Ìlú Bludenz, ní agbègbè kan náà, ni iléeṣẹ́ Getzner wà láti 1818, gíníì rẹ̀ sì ni alágbádá máa ń fi orúkọ pè lọ́jà. Àwọn méjèèjì kò nílò ọkọ̀ ojú omi tàbí ajá ọdẹ. Aṣọ ẹbí ló ń ṣe iṣẹ́ ojú ewé ogún: ìran mẹ́ta ló jókòó pọ̀ lábẹ́ àtíbàbà, aṣọ kan náà, onílù ń ki ẹni tó wà níwájú. Oníṣòwò ò san kọ́bọ̀ fún ayàwòrán, àwọn oníbàárà ló san án.

Tí ẹ bá wá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú aṣọ lẹ́yìn tí a bá ti yọ ẹṣin kúrò, kóòtù ni kí ẹ fi dán an wò. Ẹ fún iwájú rẹ̀ mọ́ àárín ìka méjì, lábẹ́ ihò bọ́tìnì ìsàlẹ̀, kí ẹ fa aṣọ òde àti láínìn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ọwọ́ yín bá kan aṣọ kẹta kan tó ń yọ́ rìn láàárín, kánfáàsì ni, aṣọ tó ń gbé iwájú kóòtù dúró, wọ́n fi òwú gán an. Tí ó bá jẹ́ méjì péré, tí aṣọ òde sì gan, gọ́mùsìtéè, aṣọ inú tó ní gọ́mù lára, ni wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ọn. Gọ́mùsìtéè dáadáa kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, owó rẹ̀ ló yẹ kó kéré. Ooru ló ń pa á: alágbàfọ̀ tí iná áyọ́ọ̀nù rẹ̀ pọ̀ jù, kóòtù tí wọ́n fi kọ́ sínú mọ́tò nínú oòrùn. Gọ́mù á tú níbì kan, á mú níbòmíràn, àyà kóòtù á wá ta ròrò bí awọ tí omi gbígbóná dà sí. Kò sí télọ̀ tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ wo ilà aṣọ tó bá ní ilà: ó yẹ kí ó bá ara wọn pàdé níbi àpò àti níbi èjìká. Ẹ sì ṣọ́ra fún bọ́tìnì apá tó ń ṣí ní ti gidi. Ó dára lójú, àmọ́ tí apá bá gùn jù, ihò ti wà níbẹ̀, télọ̀ kò lè gé e láti ọwọ́ mọ́. Èjìká ló máa ti tú u, owó iṣẹ́ náà á sì lé.

Ó ku àkọlé kékeré tí wọ́n rán sí apá òsì kóòtù, lókè bọ́tìnì, lóde. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi í sí i fún, kí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò lórí ìkọ́ lè mọ orúkọ láì fà á jáde. Yíyọ ni, ṣùgbọ́n lóde ìnáwó ní Èkó àti ní Peckham, ẹ máa rí i lápá àwọn ọkùnrin pàtàkì. Òwú fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ ló mú un, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ ti ẹnu réésà bọ abẹ́ àkọlé, kí ojú réésà kọjú sókè sí àkọlé, kì í ṣe sí aṣọ. Ẹ gé igun kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọwọ́ yọ òwú tó kù. Ẹ gé òwú funfun tí wọ́n rán ní àgbélébùú sí ìlà ẹ̀yìn kóòtù, ẹ tú èyí tó pa ẹnu àpò dé. Tí ihò kékeré bá hàn níbi tí àkọlé wà, ẹ jẹ́ kí èéfín áyọ́ọ̀nù fẹ́ sí i láti òkè láì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi èékánná rá a díẹ̀díẹ̀. Wúùlù á padà bò ó.